Ẹ má rẹ́rìn-ín: àṣìṣe àwọn tó ń fi òfin onílé mú onílé

Ní ilé kan tí mo gbé rí ní Ṣómólú, bàbá onílé lẹ bébà mọ́ géètì: agogo mẹ́wàá alẹ́ la ó máa tì í, ẹni tó bá pẹ́ kó padà síbi tó ti ń bọ̀, ayálégbé tó bá sì ṣí i fún un yóò kó ẹrù rẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ti sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì nítorí bébà yẹn.

Lálẹ́ Sátidé kan, bàbá fúnra rẹ̀ lọ sóde ìnáwó, ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé, ó dé lẹ́yìn agogo mọ́kànlá. Ó kan géètì títí. Ẹnì kan dáhùn nínú òkùnkùn pé, "Bàbá, ẹ má bínú, òfin ò gbà wá láyè." Ó dùn mọ́ wa, mi ò ní purọ́. Títí dìgbà yẹn, kò sí ẹ̀sùn tí bàbá lè kà sí wa lẹ́sẹ̀. Bébà tirẹ̀ la tẹ̀ lé. Àfi bí alájọgbélé mi kan ṣe bú sẹ́rìn-ín, tó fi fóònù ya bàbá láti ojú fèrèsé, tó gbé e sí WhatsApp. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti géètì, ó ti di ti àgbàlagbà tí àwọn ọmọdé fi ṣẹ̀sín. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ọkùnrin ilé dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀, ìyá oníbúrẹ́dì náà kúnlẹ̀.

Ẹ̀rín ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi òfin ẹni mú ẹni, kó máa wò sùn-ùn bí akọ̀wé kóòtù.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé òfin ẹnu. Kọ̀ndọ́ tó ní "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ" ní Ojota lè ti yí i padà kí ẹ tó dé Anthony.

Èyí tó ń náni lówó ni kí a máa fi òfin tí a ò kà halẹ̀. Òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ Apapa, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, mo sì mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tó gbé e lọ bá onílé rẹ̀ ní Ìkòyí. Nótíìsì ìkójáde oṣù mẹ́fà tí àwọn ọlọ́dọọdún, ìyẹn ayálégbé tó ń sanwó lọ́dọọdún, máa ń kígbe rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà tí àdéhùn yín ò bá dá iye oṣù ló wúlò. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta náà ni.

Níbi iṣẹ́, àwọn tó ń sọdá Third Mainland Bridge lọ sí Àílàǹdì lójoojúmọ́ máa ń ní àwọn ń ṣe bí ọ̀gá ṣe wí, ẹsẹ̀ ni wọ́n kàn ń wọ́. Òfin aáwọ̀ iṣẹ́ Nàìjíríà ka kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ dẹ iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ ìyanṣẹ́lódì. Bí ọ̀gá bá ní kò síwèé tó gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ síwájú rẹ̀ lásìkò, títí kan èyí tí ẹ fi ń béèrè bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Orí tábìlì tirẹ̀ ni kí ìdádúró wà.

Bàbá Ṣómólú yọ bébà náà lọ́jọ́ Ajé. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Alájọgbélé mi tó ya fọ́tò, ọlọ́dọọdún ni, kò sì ní àdéhùn kankan lákọsílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lọ́yà bàbá kọ̀wé sí i pé kó kó jáde. Oṣù mẹ́fà pípé ló fún un, kò dín ọjọ́ kan.