Ẹ Má Kó Owó Yín Rì Sínú Àbàtà: Àṣìṣe Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Wọ Àkùrọ̀ ní Èkìtì

Ó di ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà yangí ní Èkìtì, pàápàá àwọn ọ̀nà oko tó gba àárín àkùrọ̀ àti ìrà kọjá: etí dáàmù Ẹ̀rò ní Ìkun, ìsàlẹ̀ Egbé, oko ìrẹsì Ìgbẹ́mọ. Láti bí ọdún méjì, àwọn ọ̀dọ́ ti ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà wọ̀nyí, inú mi sì dùn sí i gidi. Ohun tó ń bí mi nínú ni owó tí wọ́n ń ná kí wọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn, tó sì mọ bí a ṣe ń lẹ túùbù, ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

1. Kíkó gbogbo owó lé férémù. Àbúrò kan ra kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ olówó ńlá, férémù carbon, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ṣùgbọ́n táyà mìlímítà 28 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àyè tó sì wà láàárín táyà àti férémù kò gba ìka ọwọ́. Kò tíì rin kìlómítà méjì nínú amọ̀ dúdú tí ẹrẹ̀ fi dí i pa, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ tí kò yí mọ́. Èjìká ló fi rù ú padà. Kẹ̀kẹ́ onírin tí táyà rẹ̀ jẹ́ 40 sí 45, tí ìka lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìfara kàn án, yóò gbé yín dé ibi tí ti olówó ńlá yẹn kò lè dé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ wò.

2. Afẹ́fẹ́ àpọ̀jù. Oníṣẹ́ táyà ẹ̀bá títì á fẹ́ ẹ títí á fi le bí òkúta, torí táyà ọkọ̀ àti ọ̀kadà ló ń ṣe lójoojúmọ́. Táyà tó bá le bẹ́ẹ̀ á máa ta lórí yangí, á máa yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Mo wọn kílò 74. Táyà 45 tó ní túùbù ni mò ń lò, 35 psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí géèjì ń fi hàn) ni mo sì ń fẹ́ ẹ sí. Tí mo bá fẹ́ wọ àkùrọ̀, mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ sí 30. Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ o. Bí ẹ bá kọlu òkúta, rímù á fún túùbù mọ́lẹ̀, á sì lu ihò méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ibi tí ejò ti bu ni jẹ. Páǹpù tó ní géèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó yín rà.

3. Bàtà tó ń há mọ́ pẹ́dàlì. Ẹ fi í sílé.

4. Yíyà kúrò lójú ọ̀nà nítorí omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí.

Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá, àwa mẹ́fà gba etí dáàmù Ẹ̀rò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá ti fà sẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ máa ń kọ ebè sórí ilẹ̀ tútù tó ṣí sílẹ̀, wọ́n á gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá àti tòmátò. Wọ́n á fi ọkọ́ la ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, láti darí omi lọ sídìí ebè. A dé ibi tí omi dá sí láàárín ọ̀nà. Ẹni tó ṣíwájú kò fẹ́ kí bàtà rẹ̀ tutù, ló bá yà sí apá òsì, àwa yòókù sì tẹ̀ lé e. Èmi ni ẹnì kẹta. Mo rí i bí táyà mi ṣe tẹ etí ojú omi náà wọlé. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, omi sì ti kún ipa táyà kí n tó gbójú sókè. Nígbà tí ẹnì kẹfà fi máa kọjá, etí rẹ̀ ti ya, omi ń ṣàn bọ̀ sójú ọ̀nà, kò lọ sídìí ẹ̀fọ́ mọ́.

Ìyá kan nàró láàárín ebè, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ìdájí ni mo ti ń fa omi yìí bọ̀. Ṣé ọ̀nà tí gbogbo ayé ń rìn ni kò gbà yín?” Ojú tì mí débi pé n kò lè wò ó. A dọ̀bálẹ̀, a bẹ ìyá, a gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn, a sì fi bíi wákàtí kan ààbọ̀ tún un ṣe. Àwọn fúnra wọn ló ń júwe bí a ó ṣe fẹsẹ̀ tẹ amọ̀ náà kó lè dì.

Mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo ibi tí a ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ti di kòtò tuntun. Ilẹ̀ àkùrọ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Tí táyà bá tẹ̀ ẹ́ pa, omi kò ní ríbi rì sí mọ́, á dá síbẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún yà fún kòtò tuntun yẹn, òun náà á sì tẹ ibòmíràn pa. Báyìí ni ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ kan lọ ṣe di ìṣísẹ̀ mẹ́rin lójú mi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, tí koríko tó di etí rẹ̀ mú sì kú.

Bẹ́ẹ̀, omi tó dá sí àárín ọ̀nà kì í sábà jìn. Yangí tí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ àti ọ̀kadà ti kì mọ́lẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi igi wọ̀n ọ́n. Bí kò bá kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ẹ fi jíà tó fúyẹ́ gùn ún gba àárín gbùngbùn, ẹ má tẹ bíréèkì. Bí ó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, kí ẹ fẹsẹ̀ là á kọjá. Bàtà á gbẹ. Tó bá jẹ́ ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú omi náà kí ẹ tó wọ̀ ọ́: ẹ lè rí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ níbẹ̀, dúdú róbótó, tí wọ́n tò sínú okùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ dá a fo.

Ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún ni ọjọ́ ilẹ̀ olómi lágbàáyé, torí ọjọ́ yẹn ní 1971 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Ramsar, èyí tó wà fún ìdáàbòbò ilẹ̀ olómi, ní orílẹ̀-èdè Iran. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà, ibi 11 ló sì ti fi orúkọ wọn sílẹ̀. Kò sí ti Èkìtì kankan níbẹ̀. Àwọn tó ń dáko sórí àkùrọ̀ wa ló ń tọ́jú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ tí mo bá rí ẹni tó ń fi táyà ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Ẹ má ṣe wá ní oṣù kẹsàn-án. Òjò á ti mu ilẹ̀ yó. Ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ọ̀nà máa ń le dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lára ṣéènì náà wà níbẹ̀. Ó nípọn jù, á gbá iyanrìn mọ́ra, iyanrìn yẹn á sì máa rin ṣéènì àti jíà bíi fáìlì. Ọ́ìlì ṣéènì gidi, ẹ̀kán kan fún oríkèé kan, kí ẹ sì fi àkísà nu èyí tó bá ṣẹ́ kù lára rẹ̀.

Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ lọ fọ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Èmi náà ṣe é lọ́dún kejì mi. Omi tó ń ti ẹnu ẹ̀rọ yẹn jáde máa ń fipá wọ ibi tí bẹ́ríǹ wà, ó ń fọ gírísì dànù, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀. Kò pé oṣù kan tí ìdí pẹ́dàlì mi fi ń ké kíríkírí, gbogbo bẹ́ríǹ ibẹ̀ ni mo pààrọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan, kànìnkànìn àti ọṣẹ ti tó. Ẹ má sì fọ̀ ọ́ nínú odò rárá: ọ̀pọ̀ ìlú ló ń mu omi dáàmù Ẹ̀rò, ọ́ìlì ṣéènì yín kò sì yẹ kó wọ inú rẹ̀. Omi tó dá rọ̀ọ̀ tí ìgbín wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ pàápàá lè ní kòkòrò ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ nínú, èyí tó ń gba awọ ara wọlé, nítorí náà ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Páàdì bíréèkì: ẹ mú ọ̀kan dání. Ẹrẹ̀ oníyanrìn lè jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kan.

Ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ kí baálẹ̀, ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà àti ìgbà tí ẹ ó padà. Bí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn bá wà nítòsí, ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú. Ẹ má kọjá lára ẹni tó ń roko bí ẹni tí kò rí i. “Àrokobọ́dúndé o!” kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹni tí ẹ bá sì kí dáadáa ló máa sọ fún yín pé afárá iwájú ti já.

Ìyá tí mo ń wí yẹn ti gbé igi ọ̀pẹ dábùú ojú omi wọn báyìí. A ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, a ń gbé kẹ̀kẹ́ kọjá lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú owó kékeré dání: àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń já tẹ̀tẹ̀, ìdì méjì sì máa ń dúró dáadáa lẹ́yìn àga kẹ̀kẹ́ tí ẹ bá fi túùbù tó ti gbó dè é.