Bí Mo Ṣe Gba Clearance ní Amẹ́ríkà, tí Mo sì Wọ Ètò Àṣírí Ìjọba

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí mo mọ̀ ní Maryland ló mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú, tí wọ́n sì ti di ọmọ ìlú níbí, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan bá ti béèrè clearance, ìyẹn àṣẹ ìjọba láti rí ohun àṣírí rẹ̀, wọn a ní kò kan àwọn. "Èmi tí bàbá àti ìyá mi wà ní Ìbàdàn, ta ló máa fún mi?" Èmi gbà á o. Ìbàdàn ni bàbá àti ìyá mi wà nígbà náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà di òní. Bó ṣe lọ ni mo fẹ́ sọ, àyàfi orúkọ ètò tí mo wọ̀ àti ohun tí à ń ṣe níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń fúnra rẹ̀ lọ gba clearance. Ilé iṣẹ́ tó bá gbà yín síṣẹ́, tàbí ẹ̀ka ìjọba tó nílò yín, ló máa fi orúkọ yín ránṣẹ́. Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń fún; green card kò tó. Ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun bá yín gba ẹ̀yìn gbà á, gbájú-ẹ̀ ni.

Iṣẹ́ gidi wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní SF-86. Ó ń béèrè gbogbo ibi tí ẹ ti gbé àti gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe láti ọdún 10 sẹ́yìn, kò sì gba àlàfo. Ìgbà tí mo ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru, ìgbà tí mo ń fi mọ́tò gbé èrò, àwọn oṣù tí n kò níṣẹ́ lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ni mo kọ. Orúkọ tèmi nìkan gba àlàyé, torí èyí tí mo fi jáde ilé ìwé gíga nílé yàtọ̀ sí èyí tí mo mú nígbà tí mo búra di ọmọ ìlú. Mo kọ méjèèjì, mo sì kọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ló wá gba àkókò mi jù. Wọ́n fẹ́ orúkọ bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọbàkan àti àna, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí, ìlú ìbí, àdírẹ́sì, ibi iṣẹ́, àti bí ẹ ṣe ń gbúròó ara yín sí. Ilé olórogún ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi kò ní ìwé ìbí; ìwé ìbúra ọjọ́ orí tó gbà ní kóòtù nígbà tó fẹ́ wọṣẹ́ ló ní. Fọ́ọ̀mù náà ní àpótí kékeré tí ẹ lè fàmì sí pé ọjọ́ tí ẹ kọ jẹ́ ìfojúdá. Mo fàmì sí i. Nígbà tó kan àwọn ọbàkan mi, mo pe ìyá mi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọdún wo ni wọ́n bí Bọ̀ọ̀dá Múfú?" Wọ́n ronú títí, wọ́n ní, "Ọdún tí wọ́n yí pọ́n-ùn padà sí náírà ni, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀." Ọdún 1973 nìyẹn. Bí mo ṣe rí ọjọ́ ìbí ọ̀pọ̀ nínú wọn nìyẹn.

Fọ́ọ̀mù yẹn tún béèrè bóyá ẹ ti fowó ran ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà lọ́wọ́ rí. Ta ló kù nínú wa tí kò tíì ṣe é? Mo kọ owó oúnjẹ tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé, owó ilé ìwé àbúrò mi, ilẹ̀ tí mo rà ní Moniya àti àkáǹtì tí mo ní ní báńkì nílé. Mo kọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Agodi. Mo kọ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi náà. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣèdájọ́ láti ọdún 2017, SEAD 4, ní orí 13, ó sì sọ pé jíjẹ́ ọmọ ìlú méjì nìkan kò tó láti fi lé ènìyàn, bí ẹ bá ṣáà ti ń fi pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà wọ Amẹ́ríkà, tí ẹ sì ń fi jáde.

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n dín ẹbí kù kí fọ́ọ̀mù lè fúyẹ́. Ìmọ̀ràn burúkú ni, ó sì ti ba ti ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ẹbí tí ẹ kọ, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n. Èyí tí ẹ fi pamọ́ ti di irọ́, irọ́ fún ìjọba àpapọ̀ sì lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá ẹnì kan lè tipa àwọn ènìyàn yín fipá mú yín, ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ló sì rọrùn jù láti fipá mú.

N kò ní sọ pé ọkàn mi balẹ̀ tán. Ní 2015, ó hàn pé àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti jí àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn mílíọ̀nù 21.5 ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú irú fọ́ọ̀mù yìí nígbà náà. Láti 2019, ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní DCSA lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ààbò ló ń ṣe ìwádìí náà. Nítorí náà, mo sọ fún àwọn òbí mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé orúkọ wọn máa wà níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀.

Olùwádìí tó wá bá mi fi báàjì rẹ̀ hàn mí, ó sì mú àwọn ẹbí mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe kọ wọ́n. Ó bi mí pé, bí wọ́n bá jí ẹ̀gbọ́n mi gbé ní Ìbàdàn, tí wọ́n ní àṣírí ni àwọn máa gbà kì í ṣe owó ńkọ́? Mo ti rò ó kó tó dé. Mo ní lọ́jọ́ náà gan-an ni mo máa fi tó ọ̀gá ààbò ilé iṣẹ́ mi létí, wọ́n á sì pe FBI. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó bọ́ sórí gbèsè. Gbèsè tí ẹ pa tì láìsan wà lára ohun tó ń léni jù. Ó lọ bá aládùúgbò mi àti ọ̀gá mi àtijọ́ sọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tún so mí mọ́ ẹ̀rọ tó ń yẹ irọ́ wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ètò ló ń béèrè ìyẹn; wọ́n ka gbogbo ìbéèrè fún mi kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ.

Ó pẹ́ kí Top Secret, clearance tó ga jù, tó dé, nígbà tó sì dé, kò mú mi wọ ibì kankan fúnra rẹ̀. Àṣẹ tí Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí ní 1995 sọ ọ́ kedere: ẹ gbọ́dọ̀ yẹ, ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ò ní tú àṣírí, iṣẹ́ yín sì gbọ́dọ̀ nílò ohun tí ẹ fẹ́ rí. Lórí àwọn ètò àṣírí tí wọ́n ń pè ní SAP (Special Access Program), irú èyí tí mo wọ̀, ẹ̀kẹta yìí le ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀gá mi ló kọ̀wé ìdí tí wọ́n fi nílò mi, kò sì lè sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún mi. Àwọn aláàbò ètò náà tún SF-86 mi kà látòkèdélẹ̀, wọ́n béèrè ohun tó ti yí padà. Nígbà tó yá, wọ́n mú mi lọ sí yàrá tí kò ní fèrèsé. Fóònù àti aago ọwọ́ wà nínú lọ́kà níta. Mo ka ìwé ìbúra, mo fọwọ́ sí i, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó gbọ́ orúkọ ètò náà. Ìbúra yẹn kò ní ọjọ́ tó máa parí; ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ pàápàá, ó ṣì dè é.

Àwọn ètò SAP kan wà tí ìjọba kò tiẹ̀ gbà pé wọ́n wà. Ọkọ̀ òfurufú ogun F-117 kọ́kọ́ fò ní Nevada ní 1981, òru ni wọ́n ń gbé e fò ní Tonopah, ìjọba kò sì jẹ́wọ́ rẹ̀ títí di oṣù kọkànlá 1988.

Dídi clearance mú ni iṣẹ́ ojoojúmọ́. Tẹ́lẹ̀, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún ìwádìí Top Secret ṣe. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà ń yẹ àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá àti ti gbèsè wò nígbà gbogbo. Ìlànà SEAD 3 ní kí ẹ sọ ìrìn àjò òkèèrè kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì sọ owó àìròtẹ́lẹ̀ tó bá tó $10,000. Èyí ni mo fi sọ nípa àjọ nígbà tí mo kó o, tí mo fi orúkọ àwọn tá a jọ ń dá a hàn wọ́n. Nígbà tí ìyá mi wá bá wa wẹ ọmọ, mo sọ ọ́, torí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú tó bá bá yín gbélé ju ọjọ́ 30 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ìyá ẹni ni o, àlejò ni o. Igbó mímu pẹ̀lú: Maryland gbà á láàyè ní 2023, ìjọba àpapọ̀ kò gbà á fún ẹni tó ní clearance. Mo ń kọ ọjọ́ tí mo sọ nǹkan kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí mo sọ ọ́ fún sínú ìwé kan.

Ohun tí ẹ ń kà yìí náà, mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń yẹ àkọsílẹ̀ wa wò kó tó jáde, mo sì dúró títí wọ́n fi fún mi láṣẹ.