Gígun Ògiri Yìnyín: Ẹsẹ̀ Ni Kó O Kọ́kọ́ Kọ́

Kí olùkọ́ tó kó àáké tí wọ́n fi ń gun yìnyín lé ẹ lọ́wọ́, jẹ́ kó kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ dúró, pẹ̀lú okùn tí wọ́n so sókè. Irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ bàtà sábà máa ń ní eyín 12. Méjì tó yọ síwájú ló ń wọ yìnyín. Ta ẹsẹ̀ mọ́ yìnyín lẹ́ẹ̀kan, kó o sì rẹ gìgísẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìṣe nìyí: bí gìgísẹ̀ bá gbé sókè, eyín iwájú á yọ, ẹsẹ̀ á sì já.

Ibi tó jin díẹ̀ ni kó o sọ àáké sí. Yìnyín tó yọ gọnbu máa ń fọ́ bí àwo, á sì já lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, má dúró sábẹ́ ẹni tó ń gùn láé, kódà bó o dé àṣíborí.