Omi ló yan ọ̀nà fún wa: bí a ṣe kó àwọn ọmọ Scout gun àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà ọyẹ́

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Kútọnu lọ sí Pàràkú rí yóò ti fi ojú kan àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́: àpáta ńláńlá tó dúdú, tó sì dán, tó kàn ṣàdédé yọ sókè láàárín pápá. Wọn kò ga tó òkè Sokbaro ní Atakora, èyí tó jẹ́ mítà 658, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí òkè tó ga jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ṣùgbọ́n gíga kọ́ ni wàhálà òkè tiwa. Àpáta kì í mu omi. Òjò tó bá rọ̀ sí i lórí, yóò ṣàn lọ ni. Tí ọyẹ́ bá sì ti wọlé, ènìyàn lè rìn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó má rí omi tó tó bọ́jú.

Mo jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Scout kan nílùú Ṣábẹ̀ẹ́. Ṣẹ́ẹ̀fù ni àwọn ọmọ ń pè mí. Àwọn tí mo kó lọ kò ju ọmọ ọdún 12 sí 16 lọ, olúkúlùkù ru ẹrù tirẹ̀ sẹ́yìn, a sùn lórí àpáta, a sì kó gbogbo wọn padà fún ìyá wọn láìsí ẹni tó fara pa. Bí a ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo rí i pé àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àgọ́ àti orin. Omi ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó bá òbí kankan sọ̀rọ̀, mo ti kọ́kọ́ rin ọ̀nà náà pẹ̀lú bàbá ọdẹ kan tó mọ igbó yẹn dáadáa. A gun sémìjáàn dé ibi tí ọ̀kadà lè dé, a wá fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà ni mo ń béèrè: pọ́ǹpù yín dà? Mi ò gba ìdáhùn lọ́wọ́ ọkùnrin. Àwọn obìnrin ni mo ń bi, torí àwọn ló ń ru omi náà. Wọ́n á sọ fún ọ pé èyí ń yọ omi, èyí máa ń gbẹ tó bá di oṣù kejì, èyí sì ní kí o fà á títí apá rẹ yóò fi ro ọ́ kó tó dá ọ lóhùn. Èmi fúnra mi fà wọ́n, mo sì tọ́ omi wọn wò. Ọ̀kan wà tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sínú máàpù tí mo mú dání, a dé ibẹ̀, wọ́n ti yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ewéko ti yí i ká.

Pọ́ǹpù yẹn ló yí gbogbo ètò padà. Ọ̀nà tààrà tó gba àárín àpáta méjì ló kúrú jù, ṣùgbọ́n láìsí pọ́ǹpù yẹn, ọmọ yóò rìn láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú omi tó gbé láti ilé nìkan. Mo fi ọ̀nà tààrà sílẹ̀. Mo mú bírò, mo so àwọn pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn lórí bébà, ìlà wíwọ́ yẹn sì ni a rìn. Bàbá ọdẹ tún kọ́ mi ní nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, àdàbà kì í sùn láìmu omi. Ibi tí ẹ bá rí i pé wọ́n forí lé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi í sọ́kàn.” Lóòótọ́, ibẹ̀ la ti rí kòtò kan lábẹ́ àpáta tí omi òjò ṣì wà nínú rẹ̀. Mi ò kà á mọ́ omi mímu, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ìwẹ̀ àti fífọ abọ́.

Bí omi ti yan ọ̀nà, òun náà ló yan ẹrù. Lítà omi kan, kìlò kan ni. Ọmọ tó bá wọn kìlò 40, mi ò fẹ́ kí ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá kìlò 8. Tó bá lé kìlò 10, eegun ọmọ ló ń jìyà rẹ̀. Lítà 3 ni olúkúlùkù gbé. Ìyẹn ni pé kìlò 5 péré ló kù fún aṣọ ìbora, súwẹ́tà, oúnjẹ, abọ́ àti ìpín tirẹ̀ nínú àgọ́. Ẹ wo bó ṣe kéré tó. Nítorí náà, a kò gbé iṣu. Inú ilẹ̀ iṣu la wà, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kò sì lè ṣe kó má jẹ iyán, ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú iṣu, ó sì wúwo. A ra iṣu ní abúlé tí a sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, a jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Ẹ̀wà náà kò bá wa lọ, torí ó ń jẹ igi, ó sì ń jẹ omi kó tó jinná. Gaàrí, kúlíkúlí, ẹ̀pà yíyan, ẹja gbígbẹ, àti wàrà àwọn Fúlàní tí a ti dín dáadáa kó lè pẹ́ díẹ̀: àwọn yìí la kó.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn, mo ní kí gbogbo ọmọ mú àpò wọn wá pẹ̀lú òbí wọn, a sì tú u sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Mo gba gbogbo olórí ẹgbẹ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe èyí. Ìkòkò irin jáde nínú àpò kan. Bàtà ìjọsìn jáde nínú òmíràn. Ìyá kan di mọ́ agolo mílíìkì, ó ní, “Ṣẹ́ẹ̀fù, ebi máa ń tètè pa ọmọ mi o.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Ebi ò ní pa á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó fi àyè agolo yìí gbé omi.” Ó wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì mú agolo rẹ̀ padà. Ìyá yẹn kan náà ló wá ràn wá lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń po omi oníṣúgà àti iyọ̀ tí wọ́n ń fún ẹni tó ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru: ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ nínú omi mímọ́ lítà kan, kí wọ́n gé orí ṣíbí náà pẹrẹsẹ, kó má ṣe kún bòròmù. Patirúù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ kéékèèké tí a pín àwọn ọmọ sí, di ìwọ̀n ṣúgà àti iyọ̀ méjì sínú ọ̀rá.

Ẹ má gbàgbé àwọn onílé. Àwọn òkè yìí kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Nígbà tí ogun Dàhòmì ń dà wá láàmú ní ọ̀rúndún 19, inú wọn ni àwọn baba wa sá sí, ojúbọ sì wà lórí àwọn kan títí di òní. A lọ sí ààfin Oníṣábẹ̀ẹ́, a lọ sí mẹ́ẹ̀rì, a fún àwọn ọlọ́pàá ní ìwé tí orúkọ gbogbo ọmọ àti ibi tí a ó sùn wà nínú rẹ̀, a sì dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí a má dé, a kò dé. Ọwọ́ òsì ni Scout fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́ káàkiri àgbáyé, àṣà tí wọ́n jogún lọ́wọ́ Baden-Powell, olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ náà, tó kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní 1907. Mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọ mi pé níwájú baálẹ̀, ọwọ́ òsì yóò wà lẹ́yìn. Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ ni. Àwọn àgbàlagbà rí i, inú wọn dùn, baálẹ̀ kan sì ní kí ọmọ rẹ̀ mú wa dé ẹsẹ̀ òkè.

A gbéra ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọyẹ́ mú gan-an, ó sì bo ojú ọ̀run débi pé òkè tí a ń lọ kò hàn mọ́ rárá. Èyí yà àwọn ọmọ lẹ́nu, torí wọ́n ti ń rí òkè yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé. Níbẹ̀ ni kọ́ńpáàsì ti wúlò. Mo fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ olórí patirúù ní iṣẹ́ náà: yóò wo ìhà tó yẹ, yóò yan igi kan tàbí òkúta kan níwájú, a ó rìn dé ibẹ̀, yóò tún yan òmíràn. Kò gba ojú sílẹ̀ títí a fi dé ẹsẹ̀ àpáta.

Nípa ìṣísẹ̀, òfin àtijọ́ kan wà tí ọmọ Skọ́tílándì kan tó ń jẹ́ Naismith gbé kalẹ̀ ní 1892: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a tún fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí a bá gùn. Àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n rìn ni ó ṣe é fún. Pẹ̀lú ọmọ tó ru ẹrù lórí àpáta, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni pé ọmọ tó lọ́ra jù lọ la fi sí iwájú, lẹ́yìn ẹni tó ń júwe ọ̀nà. Bó bá rìn, a rìn. Bó bá dúró, a dúró, a sì mu omi. Tí ẹ bá fi í sẹ́yìn, àwọn alágbára yóò lọ dúró dè é, wọn á sinmi. Bí òun bá ṣe ń dé, wọn á tún gbéra. Ẹni tí ìsinmi tọ́ sí jù ni kò ní sinmi rárá.

Láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, a kì í rìn. Àpáta náà máa ń gbóná bí agbada àkàrà, ooru rẹ̀ á sì gba ìsàlẹ̀ bàtà wọlé. A jókòó lábẹ́ igi ẹ̀mí àti igi igbá. Níbi ìsinmi kan, àwọn obìnrin abúlé tí wọ́n ń sá gbágùdá sórí àpáta fún láfún bá wa sọ̀rọ̀, wọ́n sì fún àwọn ọmọ ní omi láìbéèrè ohunkóhun. Gbogbo ẹsẹ̀ la yẹ̀ wò ní ọ̀sán: bàtà bọ́, ìbọ̀sẹ̀ bọ́, èyí tó bá pọ́n a lẹ plásítà mọ́ ọn kó tó lé ròrò.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lórí òkè kì í ṣe ejò. Ejò wà, paramọ́lẹ̀ wà, mo sì ti kọ́ wọn pé bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni ṣán, a kò ní fi abẹ gé e, a kò ní so ó le, a ó tẹ́ ẹni náà sílẹ̀, a ó de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi kó má mì, a ó sì gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Oyin ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Inú pàlàpálá àpáta ni wọ́n ń gbé, ariwo àti òkúta tí ọmọ bá jù sínú ihò á sì tú wọn jáde. Kò sí lọ́fínńdà, kò sí orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àpáta, kò sí òkúta jíjù. A rí ihò oyin kan lókè wa. Bàbá ọdẹ na ọwọ́ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, gbogbo ọmọ sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá ní ìdákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo fẹ́ràn wọn gan-an nígbà yẹn.

A pàgọ́ sórí àpáta gbalasa, a kò pa á sínú koríko. Ìdí rẹ̀ ni iná. Àkókò ọyẹ́ ni wọ́n ń sun igbó, atẹ́gùn á sì gbé iná lọ sí ibi tí ẹni tó ṣá a kò rò. Èèkàn kì í wọ àpáta, nítorí náà a fi òkúta wúwo dè é: okùn àgọ́ lọ́ òkúta ńlá lẹ́ẹ̀mejì, a sì gbé òkúta kejì lé e kó má yọ́. Àpáta ṣì lọ́ọ́wọ́ọ́ títí di alẹ́ pátápátá, àwọn ọmọ fi ẹ̀yìn lé e, wọ́n ń gbádùn rẹ̀. Ní òru, òtútù dé, gbogbo súwẹ́tà sì jáde. A rí iná igbó lókèèrè ní òru yẹn, ó tò lọ ní ìlà pupa. Àwọn ọmọ ń ṣọ́ ọ ní méjì méjì, wọ́n ń pààrọ̀, fèrè wà lọ́rùn wọn. Kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ọjọ́ kejì, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọmọkùnrin kan, ó dákẹ́, kò sì fẹ́ jẹun. Olórí patirúù rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n fi í sí abẹ́ òjìji, wọ́n tú bàtà rẹ̀, wọ́n rẹ aṣọ ọrùn wọn sínú omi, wọ́n fi lé e níwájú orí, wọ́n sì po ìwọ̀n ṣúgà àti iyọ̀ kan fún un, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Èmi dúró tì wọ́n ni, wọn kò nílò mi. Kí oòrùn tó wálẹ̀, ó ti ń bèèrè kúlíkúlí. Àwọn ojúgbà rẹ̀ pín ẹrù rẹ̀ láàárín ara wọn. Ní orí òkè tó kẹ́yìn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà wá, mo pe ìyá rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì gbé fóònù fún ọmọ náà kó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ wọ ìlú, a ka orúkọ, òbí kọ̀ọ̀kan bọwọ́ lùwé gba ọmọ rẹ̀, a sì padà lọ kí àwọn ọlọ́pàá pé a ti dé. Àwọn patirúù tún ìwé omi kọ ní mímọ́: orúkọ abúlé, irú pọ́ǹpù tó wà níbẹ̀, bó ṣe ń yọ omi sí, àti ẹni tí a lè bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. A fún mẹ́ẹ̀rì ní ẹ̀dà kan, a sì fa ìlà sábẹ́ pọ́ǹpù tí wọ́n yọ ọwọ́ rẹ̀, torí pé àwọn ará abúlé yẹn ṣì ń rin ọ̀nà jíjìn lọ pọn omi lójoojúmọ́. Ẹ̀dà kejì wà lọ́wọ́ mi fún ẹgbẹ́ yòówù tó bá fẹ́ rin ọ̀nà náà. Ọ̀nà Ìdáàsà ló kàn fún wa, èmi àti bàbá ọdẹ yóò sì kọ́kọ́ lọ fa àwọn pọ́ǹpù ibẹ̀ wò.