Ọjọ́ mẹ́ta lórí àṣìṣe kan ṣoṣo, kí n tó rántí git bisect

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá àṣìṣe kan nínú kóòdù tí èmi fúnra mi kọ. Epo jẹnẹrétọ̀ tó bá a lọ ju ìdajì owó iṣẹ́ náà, ó sì ń dùn mí dòní.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ni mo kọ ètò rìsíìtì fún. Wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé: "Ọmọ mi, wá wo ohun tí ẹ̀rọ yìí ń tẹ̀ jáde." Aṣọ ₦4,500, ìborùn ₦1,200, àpapọ̀ wá di ₦45001200. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé iye owó ti di ọ̀rọ̀, JavaScript, èdè tí mo fi kọ ọ́, wá ń lẹ̀ wọ́n mọ́ra dípò kó rò wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n níbo? Gbogbo fáìlì ni mo fọ́n console.log sí, àṣẹ tó ń tẹ iye jáde kí n lè rí i.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó rántí git bisect. Git ni ètò tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, commit ni àyípadà kọ̀ọ̀kan tí a fi pamọ́ sínú rẹ̀, bisect sì ni àṣẹ tó ń wá commit tó mú àṣìṣe wọlé. Ẹ ó fi commit tó dára kan àti èyí tó bàjẹ́ hàn án, á gbé yín lọ sáàárín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, á tún gé ìyókù sí méjì. Iye commit tó wà láàárín méjèèjì tèmi jẹ́ 412. Nǹkan bí àyẹ̀wò 9 ti tó!

Ibi tó ti sú mi rèé. Mo kọ script kékeré, fáìlì àṣẹ tó ń yẹ commit kọ̀ọ̀kan wò, kí git bisect run lè dá ṣe é. Ó ní commit tí mo fi yí àwọ̀ bọ́tìnnì padà ló jẹ̀bi. Àwọ̀ bọ́tìnnì! Mo tún un ṣe, èsì kan náà. Ìgbà tí mo ṣí commit náà ni mo rí i pé mi ò pa àkámọ́ kan dé, kò tiẹ̀ ṣeé build, ìyẹn ni pé kóòdù náà kò ṣeé kó jọ di ètò tó ń ṣiṣẹ́. Script mi dá nọ́ńbà 1 padà fún git gẹ́gẹ́ bí èsì, git sì gbà pé àṣìṣe tí mo ń wá nìyẹn. Lójú git, 0 ni dáadáa, 125 ni "fo èyí", nọ́ńbà yòókù títí dé 127 ni bàjẹ́. Ìlà kan ni mo fi kún un lókè:

npm run build || exit 125

Lọ́tẹ̀ yìí ó bá a: ibi tí mo ti yọ Number(), tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, kúrò lára iye tí wọ́n ń tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ra ọjà ẹyọ kan kò lè rí i, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kó tó hàn. Mo pariwo, ayọ̀ kún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, commit wẹ́wẹ́ ni kí ẹ máa ṣe, kó sì jẹ́ èyí tó ṣeé build. Tí ẹ bá parí, ẹ tẹ git bisect reset, kó lè dá yín padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi gbàgbé, mo sì kọ iṣẹ́ wákàtí kan sórí commit àtijọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá tún rìsíìtì tẹ̀: ₦5,700.