Iṣẹ́ ọnà mẹ́ta péré ti tó: bí mo ṣe ń kó ọmọ kíláàsì mi lọ sí mùsíọ̀mù

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kó ọmọ kíláàsì mi lọ sí mùsíọ̀mù iṣẹ́ ọnà, yàrá mẹ́rìnlá la wọ̀ láàárín wákàtí méjì. Ṣe ni mo ń dà wọ́n lọ bí ẹni ń da ẹran. Nígbà tá a padà dé, mo ní kí kálukú sọ ohun tó wù ú jù. Ọmọ kan ní àtẹ̀gùn oníná tó ń gbé èèyàn gòkè ni. Kò kúkú parọ́: òun nìkan ni mo jẹ́ kí wọ́n dúró lé lórí fún odidi ìṣẹ́jú kan. Látọjọ́ náà, iṣẹ́ mẹ́ta péré ni mo máa ń mú wọn lọ wò.

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó kó wọn lọ, ẹ kọ́kọ́ dá lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ibi tí ojú ọmọ kékeré máa dé: àwòrán tí wọ́n fi gíláàsì bò, tó hàn kedere sí yín, ó lè jẹ́ iná tó ń kọ mànà nìkan ni ọmọ máa rí. Ẹ wá ibi tí wọ́n lè jókòó sílẹ̀ láì dí ọ̀nà, kí ẹ sì mọ ibi tí tọ́lẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ bèèrè bóyá iṣẹ́ tí ẹ yàn ṣì máa wà lára ògiri lọ́jọ́ náà. Ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ àwòrán orí bébà àti aṣọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé wọn pamọ́ kúrò níbẹ̀ látìgbàdégbà. Yàrá wọn pàápàá kì í mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹ sọ ọ́ fáwọn ọmọ tẹ́lẹ̀.

Okùn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò yìí. Inú ìwé, gbogbo àwòrán ló dà bíi pé wọn ò ju ara wọn lọ. Nítorí náà, kí a tó lọ, a máa ń jáde sí pápá, a ó fi okùn wọn bí Mona Lisa, àwòrán obìnrin tó lókìkí káyé, ṣe tóbi tó sílẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 77 ní gíga, 53 ní fífẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan Guernica tí Picasso yà lọ́dún 1937: mítà mẹ́ta àtààbọ̀ ní gíga, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́jọ ní fífẹ̀. Odidi kíláàsì dùbúlẹ̀ sínú Guernica, àyè ṣì ṣẹ́ kù. Ọmọ kan wá lọ jókòó sínú Mona Lisa, orúnkún rẹ̀ yọ síta. Ó ní, "Ṣé eléyìí náà ni gbogbo ayé ń pariwo?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án" lásán kì í wọ ọmọ létí. Dígí ni mo máa ń gbé fún wọn kí wọ́n tẹ àtàǹpàkò mọ́. Wọ́n á rí ọ̀rá ọwọ́ wọn níbẹ̀ fúnra wọn. Ẹ wá sọ fún wọn pé iyọ̀ inú òógùn máa ń jẹ irin. Pẹ́ńsù ni kí wọ́n mú dání, kì í ṣe báírò. Báàgì ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kó wà nínú ọkọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti dé iwájú iṣẹ́ náà, kí wọ́n jókòó, kí ẹ̀yin náà sì panu mọ́. Àìsàn àwa tíṣà ni pé a ò lè fara da ìdákẹ́jẹ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Metropolitan Museum ní New York, tó jáde lọ́dún 2001, rí i pé ìpíndọ́gba àkókò tí èèyàn fi ń wo iṣẹ́ kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 27. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ń lò. Ìbéèrè mi kò ju méjì lọ: "Kí lẹ rí?" àti "Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?" Àlàyé tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbẹ̀yìn la máa ń kà á.

Lẹ́yìn náà, mo máa ní kí wọ́n kẹ̀yìn sí i, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rántí. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

"Ajá náà dúdú!"

"Ajá wo? Kò sájá níbẹ̀!"

Ẹ ní kí wọ́n yíjú padà, kí ẹ sì yà fún wọn lọ́nà.