Bọ́ìlà tó ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì bí ẹni pé ìyà ń jẹ ẹ́: àwọn àṣìṣe tí mò ń bá pàdé lójoojúmọ́

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, wọ́n pè mí sí òtẹ́ẹ̀lì kan lójú ọ̀nà Ìlọrin, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Aago mẹ́fà àbọ̀ ìdájí, àlejò méjì ti ń jà nísàlẹ̀ pé omi tútù ni wọ́n fi wẹ̀. Kí n tó wọlé rárá ni mo ti rí èéfín dúdú tó ń rú lórí òrùlé, ìyá kan nílé kejì ń sáré ká aṣọ funfun ẹ̀ kúrò lórí okùn, ó sì ń ṣẹ́ èpè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Máníjà ní, "Ẹńjíníà, dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tà fún wa ni, wọ́n ti lú u." Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn, mo bá bàbá ọdẹ tó jókòó síwájú bọ́ìlà, ẹ̀rọ tó ń fi dísẹ́ẹ̀lì mú omi gbóná, ìka ẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì pupa.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí?"

"Ọmọ mi, mi ò kà á mọ́. Tó bá ti kú ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Bọ́tìnnì yẹn kì í ṣe ti kí iná tàn bọ̀, ó ń sọ fún yín pé nǹkan ti bàjẹ́ ni. Bọ́nà, ìyẹn apá bọ́ìlà tó ń tú dísẹ́ẹ̀lì tó sì ń dáná sí i, ní ojú kékeré kan tó ń ṣọ́ iná, tí kò bá rí iná láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ á pa ara ẹ̀, torí dísẹ́ẹ̀lì tó ń tú jáde láì jóná, inú bọ́ìlà ló ń kóra jọ sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún kú, ẹ fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá, lọ́jọ́ tí iná bá wá gbá, gbogbo dísẹ́ẹ̀lì tó ti kóra jọ yẹn ló máa gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, mo ti rí ilẹ̀kùn bọ́ìlà tó fò dé ara ògiri.

Kí ló wá fọ́ ojú bọ́nà yẹn? Dúdú èéfín ni. Kí ló fa èéfín? Mo tú u, mo rí i pé ẹni tó ṣe é kẹ́yìn ti yọ nọ́sù gálọ́ọ̀nù kan (nọ́sù ni ẹnu tóóró tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbà tú jáde), ó ti gálọ́ọ̀nù kan àbọ̀ bọ̀ ọ́, torí wọ́n ní omi ò tètè gbóná. Òun gan-an ni àṣìṣe tó bí gbogbo yòókù. Omi ò tètè gbóná torí inú bọ́ìlà ti dọ̀tí, ooru ò ráyè wọ inú omi, iná tẹ́ ẹ wá fi kún un, ṣímínì tí èéfín ń gbà jáde ló ń bá lọ, èéfín tó pọ̀ sí i tún ń mú kó dọ̀tí sí i. Ẹni tó bá ń figi dáná mọ̀ pé ìkòkò tí dúdú ẹ̀yìn ẹ̀ ti nípọn kì í tètè hó bí èyí tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yanrìn bó. Ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ inú bọ́ìlà náà, ààbọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì ni mo kó dúdú jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ̀ tí wọ́n bá ń rẹ́ yín jẹ. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ní agbára bíi kílówáàtì-áwà mẹ́wàá nínú. Kí omi 1000 lítà tó kúrò ní dígírì 25 dé 60, bíi 41 ló máa gbà. Tí bọ́ìlà bá ń ṣe dáadáa, tí ìdá 80 nínú 100 ooru ń wọ inú omi, lítà márùn-ún lé díẹ̀ ti tó. Ẹ wọn tiyín: ẹ sàmì sára tánkì dísẹ́ẹ̀lì kẹ́ ẹ tó tan bọ́ìlà, kẹ́ ẹ wò ó tó bá parí. Tó bá ń jẹ mẹ́jọ, mẹ́sàn-án lórí omi 1000 lítà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bù nínú ẹ̀, ẹ má lọ bá ẹni tó ta dísẹ́ẹ̀lì jà, ara bọ́ìlà ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.

Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀, ẹ gbọ́ tiyín. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára nọ́sù, gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà ni láàárín wákátì kan, ìyẹn lítà 3.8 fún gálọ́ọ̀nù kan, bí pọ́ǹpù bá ń tì í ní 100 psi ni o (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń tì í). Bọ́nà tó ti Yúróòpù wá máa ń wà ní bíi 145 nígbà míì. Nọ́sù gálọ́ọ̀nù kan yẹn á wá máa jẹ lítà 4.5, ẹ ò sì ní mọ̀, torí ohun tí wọ́n kọ sí i lára lẹ̀ ń wò. Gééjì ni kẹ́ ẹ fi sí i, ojú ò lè wọn ìyẹn. Èyí tó tún wá burú ni bọ́nà Amẹ́ríkà. Fóòtì 120 ni mọ́tò ẹ̀, àwọn èèyàn á ra tiransifọ́mà sí i, wọ́n á rò pé ó ti tán, wọ́n gbàgbé pé 60 Hz ni iná wọn lọ́hùn-ún (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tiwa níbí 50 ni, mọ́tò ò ní yí tó bó ṣe yẹ, fáànù ò ní fẹ́ atẹ́gùn tó, èéfín ṣáá ló máa máa rú. Mo ti bá oníṣẹ́ kan tó pààrọ̀ nọ́sù ẹ̀ẹ̀mẹrin lórí ọ̀rọ̀ yìí, àánú ẹ̀ ṣe mí.

Atẹ́gùn náà, wọn kì í fi ojú lásán ṣètò ẹ̀. Tó bá kéré, èéfín. Ẹni tí èéfín ti sú á wá ṣí i gbayawu, èéfín á lọ lóòótọ́, inú á dùn, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó pọ̀jù yẹn ń gbé ooru jáde láti ẹ̀yìn ni, kò sì dúdú tí ẹ ó fi rí i. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ki ẹ̀rọ bọ inú ṣímínì: tí CO2, gáàsì tó ń jáde tí nǹkan bá jóná, bá wà ní bíi ìdá 11 sí 12 nínú 100, tí pépà funfun tá a fi gba èéfín wò ò sì dúdú, ó ti dáa. Tí ooru inú ṣímínì bá kọjá dígírì 300, owó yín ló ń fò lọ.

Páìpù ńkọ́? Òtẹ́ẹ̀lì tí mò ń sọ yìí, ìhòòhò ni páìpù omi gbígbóná wọn wà lára ògiri láti bọ́ìlà dé yàrá tó kẹ́yìn, nínú ọyẹ́. Fómù dúdú tó rí bíi túùbù táwọn tó ń ṣe AC (ẹ̀rọ amúlétutù) ń lò, ẹ fi wé e. Kì í ṣe fómù bẹ́ẹ̀dì o, mo ti rí ibi tó ti yọ́ lẹ̀ mọ́ páìpù.

Wọ́n tún gbé tẹmọsítáàtì, ohun tá a fi ń pinnu bí omi ṣe máa gbóná tó, dé dígírì 85. Àlejò á ṣí i, á jó o lọ́wọ́, á wá fi omi tútù là á. Ẹ fi sí 60. Ṣùgbọ́n torí kẹ́ ẹ lè ṣọ́ owó, ẹ má gbé e wálẹ̀ dé 40, kòkòrò kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní Legionella, inú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ló ti ń bí sí i, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá jà.

Dísẹ́ẹ̀lì náà, mi ò ní pọ̀ lórí ẹ̀: ẹ máa ja omi ìsàlẹ̀ tánkì, ẹ pààrọ̀ fílítà, ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò pọ̀ mọ́ ọn nítorí Ọlọ́run.

Èyí tó kù yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìyá oníbúrẹ́dì kan ní Ọ̀yọ́, lápá Akẹ̀sán, fọ́ọ̀nù mi pé àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ò lókun mọ́, orí ń fọ́ wọn, wọ́n ti ra oògùn ibà títí. Ó wá fi kún un pé kí n bá òun wo ofúùnù náà, ó ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi bíríkì dí ihò atẹ́gùn yàrá ofúùnù pa, torí ẹnì kan sọ fún wọn pé ooru ń gbabẹ̀ jáde. Bọ́nà ò rí atẹ́gùn mí, ó ń jó gbùrẹ̀gbùrẹ̀, gáàsì tí kò lóòórùn tó ń pani sójú oorun ló ń tú sí wọn lára. Mo ní, "Mọ́mì, ibà kọ́ o." A fọ́ bíríkì yẹn kúrò lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo padà lọ, wọ́n ti fi nẹ́ẹ̀tì onírin sójú ihò náà kí eku má bàa wọlé jẹ fúláwà wọn, ìyẹn ò burú, atẹ́gùn ń gbabẹ̀ kọjá.